Ẹsẹ̀ Ni Gildas Máa Ń Kọ́kọ́ Wò

Ohun méjì ni Mathurin Kerbrat kì í yá ènìyàn ní Trélouan: eyín àtọwọ́dá rẹ̀ àti álúbọ́ọ̀mù káàdì aláwòrán rẹ̀. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n dáadáa á sọ fún ọ pé bí ọ̀rọ̀ bá le tán, eyín ni yóò kọ́kọ́ yọ̀ǹda.

Gbogbo káàdì inú álúbọ́ọ̀mù yẹn, Trélouan ni. Ṣọ́ọ̀ṣì Trélouan, kànga Trélouan, àwọn obìnrin Trélouan tó ń fọṣọ létí odò. Ayàwòrán kan ló wá yà wọ́n láyé àtijọ́, nígbà tí ẹṣin ṣì ń túlẹ̀, ó tẹ̀ wọ́n jáde, ó sì fi nọ́ńbà sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mathurin ní gbogbo wọn tán, àfi nọ́ńbà kẹrìnlá. Àyè rẹ̀ ṣófo láàárín kẹtàlá àti kẹẹ̀ẹ́dógún láti ìgbà tí Annaïg, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ti gbọ́njú. Ìyá Annaïg kú, àyè náà ṣófo. Annaïg dàgbà, ó ń ta òògùn ní ṣọ́ọ̀bù ìta ṣọ́ọ̀ṣì, ó lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún láìlọ́kọ, àyè náà ṣì ṣófo síbẹ̀.

Lọ́jọ́ Sunday, òun ló máa ń wa ọkọ̀ gbé bàbá rẹ̀ lọ sí ọjà káàdì. Inú gbọ̀ngàn ni wọ́n ti ń ná an, tábìlì gígùn gígùn, àpótí bàtà lórí tábìlì, káàdì fọ́fọ́ nínú àpótí. Àwọn tó ń kó káàdì jọ á jókòó súnra wọn, èjìká kan èjìká, wọn á máa fi ìka yẹ̀ ẹ́ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó jẹ́ jẹ́ kí o mọ ohun tí òun ń wá. Bí òǹtajà bá fi lè fura pé àyà rẹ ń lù kì-kì nítorí káàdì kan, ó tán, owó rẹ̀ ti gòkè nìyẹn. Mathurin lọ̀gá wọn nínú ìwà yìí. Bó bá rí èyí tó wù ú, á yán, á wojú àjà, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ òjò.

Ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, níwájú tábìlì Lucette ni wọ́n wà. Lucette ti ń ta káàdì tipẹ́, arúgbó ni, ohùn rẹ̀ ti há nítorí sìgá, kò sì sí ìdílé kan láàárín odò àti òkun tí kò mọ̀. Mathurin tẹ̀ mọ́ àpótí tí wọ́n to káàdì ìlú-ìlú sí níwájú. Annaïg dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó di awò tó ń sọ nǹkan di ńlá mú, ni ọkùnrin kan tó ń yẹ àpótí káàdì àwọn oníṣẹ́-ọwọ́ wò bá gbójú sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní awò yẹn."

"Ti bàbá mi ni. Wọn kì í yáni."

"Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ẹ kì í yáni ni?"

Annaïg ò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti jáde. Ó na awò sí i. Ọkùnrin náà gbé káàdì àwọn afọṣọ kan síwájú rẹ̀.

"Kí lẹ rí níbí?"

"Àwọn obìnrin tó ń fọṣọ. Èyí ń rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ń bínú."

"Èmi ò tíì dé ojú wọn. Ẹsẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹ wo ẹni tó ń bínú yìí. Bàtà igi rẹ̀ ti sán, wáyà ló fi dì í. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ wọ irú ẹ̀ nínú omi tútù, ṣé ẹ ò ní bínú?" Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàtà òsì yín náà ń há yín."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Láti ìgbà tí mo ti dé, ẹsẹ̀ ọ̀tún nìkan lẹ fi dúró."

Mathurin wúkọ́ gidi. Annaïg gba awò padà kíá. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé tó bọ́ bàtà òsì, gìgísẹ̀ rẹ̀ ti bó. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn pẹ̀lú bàtà lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín òun nìkan. Ọdún mélòó ló ti ń dúró níwájú àwọn ènìyàn, ẹnì kan ò rí i rí pé nǹkan ń há òun.

Kò pẹ́ tí káàdì kan fi dé. Káàdì àwọn afọṣọ yẹn gan-an ni, ọkùnrin náà ti gba orúkọ Annaïg lọ́wọ́ Lucette, ó ti kọ̀wé sẹ́yìn rẹ̀: "Ṣé ó ṣì ń há? Mo ní igi tó dáa nílé. Gildas Guyader." Káàdì kì í sì í ṣe lẹ́tà, kò ní àpòòwé tó bo àṣírí. Akólẹ́tà ti kà á lójú ọ̀nà, ó ti sọ fún ìyàwó oníbúrẹ́dì, nígbà tí Annaïg sì fi máa dé ibi iṣẹ́, àwọn tó wá ra òògùn ikọ́ ti ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

Nílé, Mathurin ń rìn síwá sẹ́yìn, káàdì lọ́wọ́ rẹ̀.

"Bíró! Bíró ni wèrè ọkùnrin yìí fi kọ ọ́! Káàdì tí ẹnikẹ́ni ò kọ nǹkan sí láti ayé bàbá mi, tó mọ́ tónítóní, ó wá fi bíró họ ọ́ bí ẹni ń kọ orúkọ sára ògiri! Ta ni?"

"Gildas Guyader ni, Pápá."

Mathurin dúró sójú kan. "Guyader ti Kergroaz? Agbẹ́bàtà òdìkejì odò?"

"Òun ni."

Ó gbé káàdì lé tábìlì jẹ́jẹ́. Ìjẹ́jẹ́ yẹn ló dẹ́rù ba Annaïg ju ariwo lọ. "Fetí sílẹ̀ dáadáa, Annaïg. Ọmọ tèmi ò ní sọdá afárá yẹn lọ gbé lọ́dọ̀ àwọn wọ̀nyẹn. Ó tán."

"Kí ni wọ́n ṣe fún yín?"

Ó mú fìlà rẹ̀, ó jáde.

Àwa ará Trélouan àti àwọn ará Kergroaz, afárá kékeré kan ló là wá láàárín, àfojúdi sì pọ̀ lórí afárá náà. Ẹlẹ́sẹ̀-igi là ń pè wọ́n, torí pé ilé agbẹ́bàtà ló kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Onímú-gíga ni wọ́n ń pè wá, a ò sì ní purọ́, ó bá àwọn kan lára wa mu. Ṣùgbọ́n láyé ìsinsìnyí, ẹ̀fẹ̀ lásán ni. Annaïg ò mọ ìdí tí bàbá òun fi mú un ní òótọ́.

Kò dẹ́kun àtirí Gildas. Wọ́n ń pàdé lọ́jà káàdì, wọ́n ń rìn létí odò, wọ́n ń jẹ kírẹ́pù, àkàrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ olóyin, ní ilé oúnjẹ etí òkun, Gildas á sì máa sọ ìtàn igi fún un, bí wọ́n ṣe ń fetí gbọ́ ọ kí wọ́n tó gé e. Ọkùnrin tí kì í kánjú ni. Bí Annaïg bá ń sọ̀rọ̀, á gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Annaïg fẹ́ràn rẹ̀ débi pé orúkọ rẹ̀ ń fẹ́ bọ́ sí i lẹ́nu níwájú àwọn oníbàárà. Ṣùgbọ́n lálẹ́, tó bá gbọ́ tí bàbá rẹ̀ ń fọ abọ́ kan ṣoṣo nínú ilé ìdáná, àánú rẹ̀ á ṣe é. Òun nìkan ni ọkùnrin yìí ní. Kò ní lè ṣe ìgbéyàwó tí bàbá òun ò ní wá, kó sì jókòó jẹun níbẹ̀ bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

"Ẹ bá wa bá wọn sọ̀rọ̀," ó bẹ Lucette.

Lucette lọ. Ó padà dé, ó ń mi orí. "Bàbá ẹ fún mi ní ọtí ápù, ó fún mi ní búrẹ́dì àti bọ́tà, ó bá mi sọ̀rọ̀ òjò títí mo fi dìde. Bí mo bá ti dárúkọ Guyader, òjò tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn."

"Kí la máa wá ṣe?"

Lucette wo ẹ̀yìn, ó wo ẹ̀gbẹ́. "Nọ́ńbà kẹrìnlá ti jáde. Ẹnì kan kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ń tú ẹrù rẹ̀ tà. Yóò wà nínú gbànjo ọjọ́ Sátidé. Ṣé bàbá ẹ ti gbọ́?"

"Kò sọ nǹkan kan o. Orúnkún rẹ̀ ló ń dùn ún, ó ní òun ò lọ síbì kankan ní Sátidé."

"Á jẹ́ pé kò gbọ́. Ọmọ mi, jẹ́ kí Gildas rà á, kó gbé e lọ fún un. Bí kò bá gba ọkọ ọmọ, á gba káàdì."

Annaïg fò sókè, ó dì mọ́ arúgbó náà. Ó sáré lọ bá Gildas ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Gildas gbọ́ ọ tán, ó fọwọ́ gbá èérún igi kúrò lórí itan rẹ̀.

"Ṣé o mọ ohun tó wà lórí nọ́ńbà kẹrìnlá?"

"Àwọn agbẹ́bàtà ni wọ́n ní ó jẹ́."

"Ẹnu ọ̀nà yìí ni." Ó nawọ́ sí ilẹ̀kùn tí Annaïg ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà wọlé. "Ayàwòrán yẹn sọdá afárá, ó ya ṣọ́ọ̀bù Kergroaz, ó kọ Trélouan sí abẹ́ rẹ̀. Àwọn ará ibí ò dárí jì í títí dòní. Bàbá mi ra ilé yìí lọ́wọ́ ẹni tó rà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, a ò mọ àwọn tó kọ́kọ́ ni ín. Mo ti ń wá káàdì yẹn láti kékeré, mo kàn fẹ́ rí ẹsẹ̀ wọn."

Ìtìjú mú Annaïg. "Má rà á fún un mọ́, jọ̀ọ́. Rà á fún ara ẹ."

"Màá rà á. Màá wò ó dáadáa fún alẹ́ kan péré. Lẹ́yìn náà, màá gbé e fún bàbá ẹ."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n jókòó sẹ́yìn gbọ̀ngàn gbànjo. Nígbà tí nọ́ńbà kẹrìnlá dé, Annaïg rò pé yóò yá. Kò yá rárá. Bí Gildas bá gbé owó kalẹ̀, onígbànjo á bojú wo ìwé ọwọ́ rẹ̀, á ní, "Mo ní jù bẹ́ẹ̀ lọ níbí." Ẹnì kan tí kò wá ti sọ iye tí òun lè dé sí onígbànjo létí. Gildas tún fi kún un. "Mo ṣì ní jù bẹ́ẹ̀ lọ." Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú padà.

"Ta ni olójú-kòkòrò yìí?" Annaïg ń fi eyín jẹ èékánná. "Kí ló fẹ́ fi í ṣe gan-an?"

Gildas tún gbọ́wọ́ sókè. Onígbànjo wo ìwé rẹ̀, ó pa á dé, ó lu òòlù. Inú wọn dùn débi pé wọ́n fẹnu kora wọn lẹ́nu nínú ibùdó ọkọ̀, níṣojú àwọn ènìyàn.

Ó wọlé tán lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó bá bàbá rẹ̀ nínú òkùnkùn, álúbọ́ọ̀mù ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì, tẹlifóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Pápá? Orúnkún ni?"

"Kí ni ti orúnkún níbẹ̀? Kò sí nǹkan tó ṣe orúnkún mi." Ohùn rẹ̀ ti rẹ̀ ẹ́. "Bí wọ́n bá rí mi nínú gbọ̀ngàn, gbogbo wọn ló máa mọ̀ pé nọ́ńbà kẹrìnlá ni mo wá rà. Mo bá sọ iye tí mo lè dé fún onígbànjo. Gbogbo ohun tí mo ní ni, Annaïg. Ọkùnrin kan gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Onígbànjo dárúkọ rẹ̀ fún mi lórí tẹlifóònù. Guyader."

Annaïg ló jókòó ti Gildas. Òun ló ń gún un ní ìgúnpá pé kó tún fi kún un. Olójú-kòkòrò tí òun ń bú látàárọ̀, bàbá òun ni. Ó fẹ́ ṣàlàyé, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ ti dìde lọ sùn. Ó sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́. Ó ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ò ti fi ọwọ́ ara òun ti ilẹ̀kùn mọ́ ara òun.

Gildas dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó wọ kóòtù, ó fi ìwé funfun wé káàdì. Mathurin ò ṣílẹ̀kùn. Ojú fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ló dúró sí, ó ká apá.

"Ẹ káàsán o, Bàbá."

"Èmi kọ́ ni bàbá ẹ."

"Ọ̀gbẹ́ni Kerbrat, ẹ má bínú. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin ni mo rà á fún. Òun rèé."

"Háà! O gba nǹkan mi tán, o wá ń fi ta mí lọ́rẹ? Ṣé o rò pé ẹni tó bá ti gbé káàdì wá lè gbé ọmọ mi lọ?"

"Pápá, èmi ni mo rán an!" Annaïg kígbe láti ẹ̀yìn rẹ̀. "Ẹ ò sọ fún mi, èmi náà ò sọ fún yín. Ìkọ̀kọ̀ yín ló kó wa sí i!"

Gildas tẹrí ba díẹ̀. "Ó dáa. Mi ò sọ̀rọ̀ ìyàwó lónìí. Ẹ ṣáà gba káàdì yín." Ó gbé e sórí pẹpẹ ìta fèrèsé, ó yíjú, ó ń lọ.

Ìlú wa ni, ẹ mọ bí ojú ọjọ́ wa ṣe rí. Ó ku díẹ̀ kí Gildas dé ẹnu géètì ni òjò ṣú, tó sì bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mathurin wo òjò. Ó wo káàdì. Bàbá tí orúnkún ń dùn látọjọ́ yìí bá fi ẹsẹ̀ kan bọ́ sójú fèrèsé, ó bẹ́ sínú ọgbà, ó já káàdì gbà lọ́wọ́ òjò, ó tì í sínú ṣẹ́ẹ̀tì, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni bo ọmọ tuntun.

"Ẹ wọlé, òjò ń pa yín!" ni Gildas ń pariwo.

"Ìwọ náà wọlé, òpònú!"

Bí Gildas ṣe wọ ilé Kerbrat nìyẹn. Wọ́n dúró yí tábìlì ká, omi ń kán lára wọn. Mathurin tú ìwé náà. Kò mú un lọ síbi àyè òfìfo. Ó dì í mú níwájú ojú.

Gildas ò lè dákẹ́. "Mo wò ó lánàá. Ẹ wo ọmọbìnrin tó dúró nígun yẹn. Àwọn tó kù, bàtà títà ni wọ́n wọ̀. Tiẹ̀ ní òdòdó lára. Wọn kì í gbẹ́ òdòdó sí bàtà ọjà. Ọmọ ẹni nìkan là ń gbẹ́ ẹ fún, ọwọ́ bàbá ọmọ ló sì gbọ́dọ̀ gbẹ́ ẹ. Ọmọ ilé yẹn ni."

"Mo mọ̀," ni Mathurin wí. "Ìyá mi ni."

Annaïg wá àga jókòó.

"Ilé tí ọmọkùnrin yìí ń gbé, ibẹ̀ ni wọ́n bí ìyá mi sí. Ó sọdá afárá wá fẹ́ bàbá mi. Àwọn ẹbí bàbá mi ní ẹlẹ́sẹ̀-igi ni, wọ́n ní kò gbọdọ̀ wọ bàtà yẹn mọ́, kò gbọdọ̀ lọ kí àwọn èèyàn rẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, etí odò ló dúró sí tó ń wo bí wọ́n ṣe ń gbé pósí kọjá lódìkejì. Mo kéré, ọwọ́ rẹ̀ ni mo dì mú." Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ojú rẹ̀. "Kò ya fọ́tò kankan mọ́ láyé rẹ̀. Èyí nìkan ni. Mo mọ̀ pé ó wà níbì kan."

"Pápá, ẹ máa ń sọ pé kí nọ́ńbà lè pé lẹ ṣe ń wá a."

"Kí ni mo fẹ́ sọ?" Ó yíjú sí Gildas. "Mi ò kórìíra yín. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Mo rí obìnrin tó sọdá odò yẹn. Kò nílé níbí, kò nílé lọ́hùn-ún. Mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe ọmọ mi bẹ́ẹ̀."

"Ta ni yóò ṣe é bẹ́ẹ̀?" Gildas fa àga jókòó láìgbàṣẹ. "Èmi nìkan ni mo wà nílé yẹn. Bó bá fẹ́ wá kí yín lójoojúmọ́, kó máa bọ̀. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ máa bọ̀, àga yín ti wà nídìí iná, màá sì máa fi ọtí dúró dè yín. Bí ẹnikẹ́ni bá pè é ní àlejò ní Kergroaz, màá sọ fún un pé ilé ìyá bàbá rẹ̀ ló padà sí."

Mathurin wo Annaïg. "Ṣé ó wù ẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó wù mí, Pápá. Ó wù mí gan-an."

Bàbá náà nu imú rẹ̀. "Kò gbọdọ̀ tún fi bíró kọ nǹkan sí káàdì àtijọ́ láéláé."

"Mo gbọ́, Bàbá," ni Gildas wí. Lọ́tẹ̀ yìí, Mathurin ò sọ pé òun kọ́ ni bàbá rẹ̀.

Ó ku nǹkan kan. Nígbà tí ìgbéyàwó kù sí dẹ̀dẹ̀, Gildas gbẹ́ bàtà fún Annaïg, ó dán an títí ó fi ń kọ mànà, ṣùgbọ́n kò fi òdòdó sí i. Ó kó bàtà àti ọ̀bẹ lọ bá Mathurin.

"Èmi? Mi ò mú ọ̀bẹ gbẹ́gi rí láyé mi. Àwọn ẹlẹ́sẹ̀-igi ò kọ́ mi."

"Ọwọ́ bàbá ni."

Ó gbẹ́ ẹ. Ó gé ìka, ó bú igi, ó bú ọ̀bẹ, ó bú gbogbo ìran Guyader. Òdòdó ọ̀tún tóbi ju tòsì lọ, èyí tòsì sì fara jọ kábéèjì. Lucette rí i, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e.

Annaïg wọ̀ wọ́n lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ó di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú, wọ́n sọdá afárá, bàtà náà ń dún kọ̀-kọ̀-kọ̀ lórí òkúta, àwọn ará Kergroaz sì tò sẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Níwájú ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wọn dúró bí àwọn ti nọ́ńbà kẹrìnlá ṣe dúró. Annaïg dúró sí igun tí ìyá bàbá rẹ̀ dúró sí. Wọ́n ya fọ́tò, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì.

Méjèèjì ló wà nínú álúbọ́ọ̀mù báyìí, wọ́n kọjú síra. Mathurin kì í yá ènìyàn síbẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń fi hàn. Bí àlejò bá tẹ̀ síwájú, tó ní háà, ojú ìyàwó yìí mà dára o, bàbá á na awò sí i.

"Fi ojú sílẹ̀ ná. Wo ẹsẹ̀."